Ọmọ wa fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin gbé wa la àárín òkè kọjá ní Kánádà. Ṣé kí n gbà?

Ìyá Òkè-Àró:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní Calgary pè wá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní ìgbéyàwó èmi àti bàbá wọn máa pé ogójì ọdún nínú oṣù kẹjọ, òun fẹ́ kí a wá, kí òun gbé wa wọ ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountaineer, láti Vancouver dé Banff, ọjọ́ méjì gbáko láàárín òkè. Ó fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Gíláàsì ni òrùlé ọkọ̀ náà. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, obìnrin kan ń da wáìnì sínú ife, òkè tó funfun báláú sì ń kọjá lójú fèrèsé bí ẹni pé òkè náà ló ń rìn.

Bàbá wọn wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò fọhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé èyí náà ni rélùwéè?"

Ẹ má bá wa wí. Rélùwéè tí àwa méjèèjì mọ̀ ni èyí tí a wọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Zaria lọ́dún 1986, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Láti Ọ̀fà dé Jẹ́bà, orí àpótí aṣọ mi ni mo jókòó sí, torí ẹni tó gba ààyè mi lóun ò ní dìde. Bí a ṣe gun afárá Jẹ́bà, gbogbo èèyàn ya sójú fèrèsé láti wo Odò Ọya, ni àgò adìẹ ẹnì kan bá já lé mi lórí. Adìẹ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀, torí èmi ni mo bá wọn mú un.

Owó tí ọmọ yìí dárúkọ ló ń dà mí láàmú. Ilé tí a ń kọ́ lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, a ti kan páànù ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì rẹ́ ẹ, kò sì ní fèrèsé kan ṣoṣo. Owó ọjọ́ méjì yẹn á ra fèrèsé fún gbogbo ilé náà. Mo sọ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, fèrèsé ilé lẹ̀ ń wò, èmi ń wo fèrèsé ọkọ̀."

Orúnkún mi ọ̀tún náà ò tún dáa, látìgbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Gígùn ò ṣe mí ní nǹkan, sísọ̀ ló pa mí. Ṣé inú ọkọ̀ yìí la máa sùn ni? Bàbá wọn máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gùn ún níbí?

Akin Alágbàká:

Ẹ gba owó náà, mà, ẹ fi ra fèrèsé. Òkè wo ló wà lọ́hùn-ún tí kò sí n'Ídànrè?

Ọmọ Ìdànrè ní Calgary:

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ Ìdànrè lèmi fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Akin lóhùn. Òkè tiwa, òkúta ràbàtà ni, ẹ lè fọwọ́ gbá a. Tibí yìí, oṣù kẹjọ ni o, yìnyín ṣì wà lórí ẹ̀.

Mo gbé ìyá ìyàwó mi wọ ọkọ̀ yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mọ́mì, ẹ ò ní sùn nínú ẹ̀. Ojúmọmọ nìkan ló ń rìn, kí ojú lè rí nǹkan. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ó máa dúró ní Kamloops, hòtẹ́ẹ̀lì lẹ máa sùn, inú yàrá lẹ sì máa bá ẹrù yín. Kí Dádì máa tọ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Èyí tí ọmọ yín fi hàn yín ni ìjókòó tí wọ́n ń pè ní GoldLeaf. Alájà méjì ni: òkè lẹ máa jókòó lábẹ́ gíláàsì, ìsàlẹ̀ lẹ máa lọ jẹun, àtẹ̀gùn tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló sì wà láàárín. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbé ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, kí ọmọ yín béèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó SilverLeaf tún wà. Òun ò ní àjà kejì, ibi tí ẹ bá jókòó sí ni wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá yín. Owó ẹ̀ kéré, òkè kan náà lẹ sì máa rí.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ máa bá odò Fraser rìn. Ó fún mọ́ra níbì kan tí wọ́n ń pè ní Hell's Gate, ibẹ̀ ò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 35 lọ, gbogbo omi odò ńlá yẹn sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, ẹ ò ní gbà pé Kánádà ni. Ọjọ́ kejì lòkè gan-an. Ẹ máa kọjá ní Craigellachie, níbi tí wọ́n ti kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ irin náà ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1885.

Àmọ́ ibi tí mi ò lè gbàgbé ni Spiral Tunnels. Nígbà àkọ́kọ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn le débi pé ọkọ̀ máa ń já mọ́ wọn lọ́wọ́ tó bá ń sọ̀. Wọ́n wá gbẹ́ ihò méjì sínú òkè, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 1909. Ọkọ̀ máa wọnú òkè, á yí po nínú òkùnkùn, á wá jáde lókè ibi tó gbà wọlé. Ìyá ìyàwó mi ní, "Ta ló gbẹ́ ẹ?" Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo kà á nígbà tí mo délé pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà ni wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń la ọ̀nà irin náà gba àárín òkè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì kú síbẹ̀.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tó máa gbéra lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé Banff o, torí ọkọ̀ náà lè pẹ́. Àwọn tó ni ọkọ̀ ẹrù ló ni ọ̀nà irin náà, tí ọkọ̀ ẹrù bá ń bọ̀, tiyín ló máa yà dúró. Ìyá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn wágùnù ọkọ̀ ẹrù kan, ó ka 143 kó tó sú u. Ẹja wọn dùn, ata ni kò sí. Màmá rọra bu ata gígún látinú báàgì wọn lábẹ́ tábìlì, ará Jámánì tó jókòó tì wọ́n sì ní kí wọ́n bù sí tòun náà. Ẹ ò bá rí i bó ṣe ń sunkún.

Tíṣà Oǹdó:

Èmi ò lè san ti Kánádà. Ti Switzerland ni mo wọ̀, Glacier Express, láti Zermatt dé St. Moritz, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Afárá 291 àti ihò 91 ló gbà kọjá, ibi tó ga jù jẹ́ mítà 2,033. Fèrèsé ẹ̀ tóbi, àmọ́ kò ṣeé ṣí. Gbogbo fọ́tò tí mo yà, ojú èmi fúnra mi ló wà lórí òkè.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ fisà, mà. Èkó tàbí Àbújá lẹ ti máa lọ tẹ̀ka. Ẹ má gbé owó fún ẹni tó bá ní òun á bá yín tẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Owó àbúrò mi ti bá irú wọn lọ.

Ìyá Òkè-Àró:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Orí yín á máa bá yín ṣe é. Mo ti sọ fún ọmọ wa pé SilverLeaf ni, kí ó fi ìyókù ra fèrèsé pálọ̀ àti tìyẹ̀wù, àwọn yàrá tó kù á dúró ná. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfìgbà tí bàbá wọn gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní tí àwọn bá máa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òkè àjà làwọn máa jókòó, pé látọdún 1986 làwọn ti ń jókòó sísàlẹ̀. A ṣì wà lórí ẹ̀.

Ní báyìí ná, ta ló mọ ẹni tó ń ta ṣúwẹ́tà tó nípọn l'Ọ́jà Ọba? Òkìríkà náà dáa, ṣáà jẹ́ kó gùn dé orúnkún.