Wòlíì ní kí n dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró: ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Wàǹdó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù keje rèé tí mo ti kúrò ní Ìbàdàn wá sí Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni mo ní, iṣẹ́ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ara mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ̀fọ́rí, òòyì, àyà á kàn máa já pì-pì-pì lórí ìjókòó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ mi lápá, ó ní "dísẹ́ẹ̀tì ọ́ńsì". Mo rò pé nọ́ńbà yàrá tí mo máa wọ̀ ni, mo bá dìde. Wọ́n kọ òògùn fún mi, mo rà á, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ilé àdúrà kan wà ládùúgbò wa. Wòlíì ibẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ará ilé mi kan ló gbé ẹrù lé mi lórí, àti pé òògùn òyìnbó tí mo ń lò ló ń dí áńgẹ́lì lọ́wọ́. Kí n dá a dúró. Kí n mú 50,000 sẹ́fà, owó ìlú ibí, wá fún iṣẹ́ ọjọ́ méje. Mo ti san 20,000. Ọkọ mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí n wá ìyókù, kí n parí rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mi ò fọwọ́ kan òògùn. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò nígbàgbọ́. Ẹsẹ Bíbélì tí mo lè dì mú ni mo ń tọrọ, kí ẹ sì júwe ibi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá gbàdúrà fún mi.

Alátẹ Aṣọ:
Àǹtí, ẹ lọ lo òògùn yín jàre. Ẹ̀yin lẹ máa ránṣọ tí ẹ máa fi san 30,000 tó kù yẹn, àbí áńgẹ́lì?

Màmá Nọ́ọ̀sì:
Alátẹ, rọra. Ẹni tí ara ń ni ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, ṣé òògùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Gbé e, lọ sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ fún ọ lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ wọ̀n, kí wọ́n sọ bí wàá ṣe padà sí i. Bí ẹnu bá ń wọ́, tí apá kan bá kú tipiri, tí ojú bá ń ṣú, tí àyà bá ń dùn ọ́, ké sí aládùúgbò ná. Inú ọkọ̀ ni kó o ti ka Sáàmù.

"Dísẹ́ẹ̀tì ọ́ńsì" tó o gbọ́, 17 lórí 11 ni. Àwọn tó ń fi Faransé ṣe iṣẹ́ ìlera kì í pe iye yìí bíi ti Nàìjíríà. Ohun tí a ń pè ní 170 lórí 110 nílé, òun ni wọ́n ń pè ní 17 lórí 11. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ "quatorze neuf" rí tí wọ́n sì ń dúpẹ́ pé ó kéré. 14 lórí 9 yẹn, 140 lórí 90 ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà sì ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tìrẹ ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Àìsàn yìí kì í sábà pariwo. Èèyàn á dá òògùn dúró, ara á fúyẹ́ fún un lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, á ní àdúrà ti gbà, títí rọpárọsẹ̀ á fi kanlẹ̀kùn. Mo ti bá wọn tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wàyí. Ọba Hesekáyà ṣàìsàn dé ojú ikú. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún. Ọlọ́run gbọ́, ó ní òun fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Àdúrà ti gbà, àbí kò tíì gbà? Síbẹ̀ Ìsáyà wòlíì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà. 2 Ọba orí 20 ni, wo ẹsẹ 7. Ẹni tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ ní tààrà kò ju ọ̀pọ̀tọ́ nù. Tìrẹ wá ní kóró òògùn kan ń dí áńgẹ́lì lọ́wọ́. Irú áńgẹ́lì wo nìyẹn?

Lálẹ́ òní, ka orí 5 ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ Náámánì, ọ̀gágun Síríà tó ní ẹ̀tẹ̀. Má dúró síbi tó ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀meje ní Jọ́dánì, ibẹ̀ ni àwọn tó ń tọrọ owó máa ń pa ìwé dé sí. Kà á tán. Náámánì padà wá pẹ̀lú ẹ̀bùn, Èlíṣà ní òun kò ní gbà. Ó rọ̀ ọ́, ó kọ̀. Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ ló sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà, tó parọ́ gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti aṣọ ìpààrọ̀ méjì, ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ ta ni 20,000 rẹ wà?

Ọmọbìnrin kékeré inú ìtàn yẹn sì tún máa ń wù mí. Ẹrú ni, wọ́n kó o láti Ísírẹ́lì lọ sí ilẹ̀ Síríà, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún wa. Òun ló sọ fún ìyàwó Náámánì pé wòlíì kan wà nílé. Mo máa ń rò ó pé báwo ló ṣe gbọ́ èdè wọn débi tó fi lè sọ ọ́. Ó ti ní láti ṣìnà lẹ́nu, kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, bíi tiwa níwájú alátìkè ní ọjà Wàǹdó.

Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Agolo Bournvita ni òògùn mi wà, ẹ̀gbẹ́ Bíbélì lórí tábìlì. Láàárọ̀ mo máa ń ka Sáàmù 121, ẹsẹ mẹ́jọ péré ni. Tí mo bá ti ka "Ìrànlọ́wọ́ mi ti ọwọ́ Olúwa wá", mo gbé kóró kan mì, mo fi omi lé e, mo ka ìyókù. Ọdún kọkànlá rèé.

Alásùtánà:
Màmá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ sọ tèmi kó tó di pé ẹnì kan á ní àwa aláṣọ funfun la ń ba ayé jẹ́. Àjàṣẹ́ níbí ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀, ní 29 September 1947. Káfíńtà ni Samuel Bilehou Oschoffa tó dá a sílẹ̀, igi tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ló ń wá kiri nínú igbó nígbà tí òòrùn ṣú lọ́sàn-án gangan lọ́dún yẹn. Ìwòsàn la fi mọ ìjọ wa láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí èmi ń lọ, bí o bá ní ara ń ro ọ́, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbàdúrà sí omi fún ọ, ìyá àgbà kan á sì bi ọ́ pé ìwé dókítà dà. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà sórí rẹ̀, kí wọ́n fi òróró kùn ún. Mo ti wá iye owó rẹ̀ nínú ẹsẹ yẹn títí, mi ò rí i.

Àǹtí, nípa èdè: ní ọ̀pọ̀ ìjọ níbí, ti Mẹ́tọ́díìsì, ti Kátólíìkì àti tiwa, èdè Gùn àti Faransé ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ má sá. Ẹ béèrè pé aago mélòó ni ìsìn Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, àbí ta ló lè ṣe ògbufọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "Jiwheyẹwhe", Ọlọ́run ni wọ́n ń pè. "Oklunọ" ni Olúwa. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni mo máa ń ṣe Àmín.

Akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ̀gbọ́n, tèmi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní ìjọ Faransé, pásítọ̀ ní "Jacques cinq". Mo rò pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Jacques ni wọ́n ń pè jáde, mo yí ojú padà láti wò ó. Jákọ́bù ni o! Ìsáyà ni Ésaïe, ìwé Àwọn Ọba ni Rois, Ìfihàn ni Apocalypse. Ẹ kọ wọ́n sí iwájú Bíbélì Yorùbá yín. Kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ti orí fóònù nìkan, nítorí tí dátà bá tán tàbí tí bátìrì bá kú ní wọ́ọ̀dù lóru, ẹ kàn máa wo òrùlé ni. Ti bébà ni ìyá mi fi rán mi.

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀ ń pe ibí ní òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n bí èmi ní Kétu, onílé ni mí, ẹ kú àlejò.

Àǹtí, ẹ má lọ láìkọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé. Ẹ da èyí kọ bó ṣe wà: "J'ai arrêté mes médicaments depuis cinq jours." Ìyẹn ni pé ẹ ti dá òògùn dúró láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fún dókítà kí ó kà á. Ẹ má tijú sọ ọ́, nítorí bí wọ́n bá rò pé ẹ ń lò ó tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ga, wọ́n lè fi òògùn mìíràn lé e. Bí Faransé bá há yín lẹ́nu, ẹ ní "Nago". Wọ́n á wá ẹni tó gbọ́ ọ. Ní Kétu àti Sabẹ ẹ ò tiẹ̀ ní wá a jìnnà.

Ẹ má ra òògùn lórí àtẹ. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé àgbélébùú aláwọ̀ ewé kọ́ síta. Tó bá di òru, "pharmacie de garde" ni kí ẹ béèrè, ọlọ́kadà yóò mọ èyí tó ṣí.

Kátólíìkì ni mí. Ìyá mi máa ń lọ sí ihò Àrígbó ní Dassa lóṣù August pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò mímọ́. Ó lọ, ó bọ̀, orúnkún ṣì ń dùn ún, kò sì sọ pé àdúrà òun kò gbà. Ẹsẹ tirẹ̀ ni 2 Kọ́ríńtì orí 12, ẹsẹ 9: "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nípa ẹ̀gún tó wà nínú ara rẹ̀, a ò sì gbọ́ pé ó yọ. Ta ló lè ní Pọ́ọ̀lù kò nígbàgbọ́?

Aránṣọ Wàǹdó:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo lọ lánàá. Mo fún dókítà ní ìwé yẹn, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. 18 lórí 11. Wọ́n fi mí sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n dá mi padà sórí òògùn. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Nàgó ló jókòó tì mí, a jọ ka Sáàmù 121. Ó mọ̀ ọ́n lórí.

Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Ṣé kí n lọ gba 20,000 mi padà? Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ "à jeun" sórí ìwé náà, inú mi dùn pé wọ́n mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn wá pẹ̀lú ebi, mo ti bu ìrẹsì sílẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì:
Yéè! Dá ìrẹsì padà sínú àpò. "À jeun" ti Faransé, má jẹun ni! Omi nìkan, láti alẹ́. Owó yẹn, fi í sílẹ̀ fún Géhásì. Ọkọ rẹ, fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, màá bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀, dúró dè mí lẹ́nu ọjà Wàǹdó lápá ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Jíjẹ kọ́ o.