Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ní ẹ̀dà orin àwọn ìjọ àkọ́kọ́ ní Oǹdó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ orin. Àwa akọrin kan ní ìlú Oǹdó fẹ́ sọ àwọn orin tí ìjọ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) ń kọ níbí láyé Charles Phillips, òjíṣẹ́ CMS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀ níbí lọ́dún 1877, di ọ̀tun. Ìwé sol-fa kan (ìwé orin tí a fi lẹ́tà d, r, m kọ) ló wà lọ́wọ́ wa: apá áátò, ohùn obìnrin tó rẹlẹ̀, ṣì ṣeé kà, ṣùgbọ́n ní apá tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin tó ga, a kò mọ àmì kékeré tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ hàn lábẹ́ lẹ́tà yàtọ̀ sí ojú ihò kòkòrò mọ́. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí àwọn bàbá yín? Bí kò bá sí, ṣé kí a tún tẹ́nọ̀ náà kọ fúnra wa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá akọrin wa ti fẹ́ (èmi kò fara mọ́ ọn), àbí kí a gba orin náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tó ṣì rántí rẹ̀?