Mo ń fi omi òjò kọ́ iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ ní CM1, ṣùgbọ́n ìṣirò ń sọnù mọ́ mi lọ́wọ́

Olùkọ́ CM1, Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ omi òjò kọ́ sáyẹ́ǹsì, jọ́gíráfì, ìṣirò àti àròkọ pọ̀ ní CM1, ìyẹn ọdún karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Benin, nítorí pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ládùúgbò wa, kálukú a gbé garawa sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì náà ti ń ṣàlàyé ìdí tí ìyá wọn fi máa ń da omi àkọ́kọ́ nù. Àmọ́ nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣirò ibẹ̀ kò ju kíka garawa lọ. Bàbá ọmọ kan fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá òjò ni wọn yóò bi ọmọ òun ní ìdánwò CEP tí a fi ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò sì rí èsì gidi fún un. Ṣé kí n pa á tì ni?

Àgbà olùkọ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ má pa á tì, àbúrò mi. Ovide Decroly, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Brussels ní 1907, gbé ẹ̀kọ́ ka ohun tí ọmọ nílò láti fi wà láàyè. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wo nǹkan fínnífínní, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó tó sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé lé e lórí. Wíwọ̀n yẹn ni ó fò yín.

“Omi òjò” lásán kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè: omi tí ó ń ṣàn kúrò lórí páànù kíláàsì wa, ọjọ́ mélòó ni yóò tó wa lò? Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba síta, kí wọ́n fi rúlà wọn omi inú rẹ̀. Òjò mílímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1 géérégé. Ilẹ̀ tí òrùlé bò ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe páànù tí ó dagun. Bí ó bá jẹ́ mítà 8 sí 6, tí òjò sì jẹ́ mílímítà 20, lítà 960 nìyẹn; bí ọmọ 40 bá ń lo lítà méjì-méjì lójúmọ́, yóò tó wọn fún ọjọ́ 12. Irú ìṣirò yìí gan-an ni ìdánwò ń béèrè, kí ẹ sì fi ìwé náà han bàbá yẹn.

Ìyá olùkọ́, Ṣábẹ:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú òjò. Mo ti fi tipátipá kó gírámà àti ìdá nọ́ńbà sínú ẹ̀kọ́ lórí iṣu rí, àwọn ọmọ kò sì mọ èyí tí à ń kọ́. Láti ìgbà náà, mo ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ìṣirò nìkan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá jiyàn, kí ẹ tó gbé e lọ sí Faransé, nítorí pé ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wàrà, ọ̀sọ̀rọ̀ àti àgbàrá ti ní sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. Ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, òjò a máa dá díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Níbí, àfo yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa fi iye òjò ránṣẹ́ síra wọn, jọ́gíráfì ti dé nìyẹn.

Olùkọ́ CM1, Kétu:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá mi. Òjò rọ̀ lánàá, agolo wa sì gba mílímítà 14. Òrùlé wa bo mítà onígun mẹ́rin 63, wọ́n sì rí lítà 882. Ọmọbìnrin kan ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé páànù kan lu, omi ibẹ̀ sì ń kán sórí tábìlì òun. Mo ní kí ó gbé agolo mìíràn sórí tábìlì náà nígbà tí òjò bá tún rọ̀.