Bwindi ní Uganda: tìkẹ́ẹ̀tì Rushaga, ilé àlejò Buhoma, ṣé ó bára mu?

Arìnnàkore: Ẹ kú ilé o. Oṣù Keje ni èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, fẹ́ lọ wo ìnàkí (gorilla) ní igbó Bwindi. Ẹnubodè Rushaga ni mo ti rí tìkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Buhoma ni ilé àlejò tó wù wá wà. Ṣé wọ́n súnmọ́ra? Kí ni ká wọ̀?

Ọmọ Ọlọ́kọ̀: Ẹ má tíì sanwó o! Igbó kan náà ni, ṣùgbọ́n Buhoma wà ní àríwá, Rushaga ní gúúsù, òkè ló sì wà láàárín wọn. Mọ́tò ní láti yí i po, ìyẹn á sì jẹ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń ka òfin fún àlejò. Ẹni 8 ló ń tẹ̀ lé agbo ìnàkí kan; bí ẹ bá pẹ́, àwọn yòókù ò ní dúró, owó yín wọgbó nìyẹn. Ẹnubodè tó wà lára tìkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sùn sí. Bí ẹ bá wọ bàálù láti Entebbe, pápá bàálù Kihihi ni ti Buhoma, ti Kisoro ni ti Rushaga.

Ti ọmọ yẹn tún le jù: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìnàkí.

Ìyá Ewé: Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn oṣù Keje tàn yín. Kùrukùru máa ń bo òkè náà láàárọ̀, omi á sì máa kán látara ewé bí òjò ò tilẹ̀ rọ̀. Jíǹsì á fa omi, á wúwo, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ìjàlọ. Ìbọ̀wọ́ nípọn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ: bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà ló máa dì mú, èsìsì ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ háyà alábàárù lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ẹrù nìkan ló ń gbé, òun náà ló ń fa èèyàn gòkè.

Ibi tí ìnàkí sùn lálẹ́ àná ni àwọn atọpasẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìrìn lè gba wákàtí kan, ó lè gba mẹ́fà. Tí ẹ bá rí wọn, wákàtí 1 péré ni, pẹ̀lú ìbomú, láìtan iná kámẹ́rà. Ẹni tó bá ń wúkọ́, wọ́n á dá a padà: àìsàn wa ń ràn wọ́n.

Arìnnàkore: Ọmọ ńkọ́ wàyí?

Ọmọ Ọlọ́kọ̀: Ẹ gba tìkẹ́ẹ̀tì Buhoma dípò Rushaga. Òfin ọdún 15 yẹn, ti ìnàkí ni. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní Buhoma tó lọ síbi omi tó ń já látòkè, ọmọ lè bá afinimọ̀nà rìn ín kó wo ọ̀bọ àti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àgbà kejì gbọ́dọ̀ wà tí yóò tẹ̀ lé e. $800 ni tìkẹ́ẹ̀tì ìnàkí fún àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Ti ọmọ Áfíríkà yàtọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó san. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.