Báwo lẹ ṣe ń dá yàtọ̀ nígbà tí gbogbo ọwọ́ ti wà lókè?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Níbi ìpàdé iṣẹ́ wa lánàá, ọ̀gá ní kí ẹni tó bá fara mọ́ àbá òun nawọ́. Mo ti rí àṣìṣe nínú ìṣirò náà, mo tiẹ̀ ti fi bírò fàlà sí i nídìí. Bí ọwọ́ mẹ́jọ ṣe gòkè báyìí, tèmi náà bá wọn lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Nínú ìdánwò tí Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣe lórí gígùn ilà ní nǹkan bí ọdún 1951, níbi tí àwọn tó kù ti mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà, bí ẹnì kan péré nínú wọn bá ti sọ òótọ́, ó máa ń rọrùn fún ẹlòmíì láti dúró lórí ohun tó rí. Èmi ò rí ẹnì kan yẹn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá sọ̀rọ̀ rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ tí kò fi dà bí àfojúdi? Ṣé mo ṣì lè padà lọ bá ọ̀gá?