Re: Kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́, ṣé “kògbóògùn” náà la ó máa pè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ọjọ́ tí àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti béèrè orúkọ tá a lè fún àwọn bàkítéríà, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn, tí áńtíbáyọ́tíìkì, oògùn tá a fi ń pa wọ́n, ò pa mọ́ ni mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, mi ò kàn tètè dá sí i torí mo fẹ́ rò ó dáadáa. Ẹnì kan ní ká pè é ní kòkòrò ọlọ̀tẹ̀, ẹlòmíì ní kòkòrò aláìgbọràn, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Òmù-Àrán wá ní kí la tún ń wá kiri, ṣebí a ti ní “kògbóògùn” tá a fi ń pe éèdì nílẹ̀ látijọ́, ká kúkú máa lò ó fún èyí náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò bá èyí mu o, ó bá a mu ju ibi tá a gbé e sí lọ, àmọ́ ibi tá a ti kọ́kọ́ gbé e sí yẹn ló ti bà á jẹ́.

Oògùn ni mò ń tà, ládùúgbò Ọjà Ọba níbí n'Ílọrin, ó ti lé lógún ọdún. Lóṣù tó kọjá, bàbá awakọ̀ kan wọlé, ó na ìka méjì sí mi, ó ní kí n fún òun ní kápúsù méjì, pupa òun yẹ́lò yẹn, pé inú ń run òun látàná. Mo ní “Bàbá, méjì kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò ná, torí tẹ́ ẹ bá ń gbé méjì méjì mì báyìí, tó bá yá kòkòrò inú yín ò ní gbóògùn mọ́.” Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí bàbá fi fọwọ́ lu káńtà: “Ta ló ní kògbóògùn? Èmi? Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!” Ìyá kan gbé ọmọ pọ̀n, ó dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ń retí kí n dá òun lóhùn. Mo rí i tí ìyá yẹn rọra fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ ọmọ sínú ọ̀já, ó sì sún sẹ́yìn. Mo bẹ bàbá títí, mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́, ó jáde láìra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dán mọ́rán ni mo sọ o, “kò ní gbóògùn”, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, àmọ́ orúkọ àrùn ló gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ní orúkọ kì í ṣe àpèjúwe, pé àwọn Babátúndé pọ̀ tí kì í ṣe bàbá bàbá wọn ló padà wá, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ “kògbóògùn” tó ń ro ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́kan tọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, àwọn tó ń rò ó wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹni tó fún un lésì kàn wo bébà ló ní “kògbóògùn ni”, ó ní kó padà wá gba oògùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò padà lọ. Oṣù mọ́kànlá gbáko ló fi jókòó sílé tó ń gbẹ. Ìgbà tá a wá mọ̀, tí mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ gba oògùn, ẹ gbọ́ èsì tó fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ní kò gbóògùn, oògùn kí ni mo wá fẹ́ lọ gbà?” Mi ò rí èsì fún un. Èdè tèmi tìẹ, tí gbogbo wa ń jà fún lórí ìwé yìí, òun ló tì í mọ́lé. Ó ti wà lórí oògùn báyìí, Alhamdulillahi, ara ẹ̀ ti padà, ó ti bímọ, tẹ́ẹ̀sì ọmọ náà ò sì ní nǹkan kan nínú. Àmọ́ oṣù mọ́kànlá yẹn, orúkọ ló jẹ ẹ́.

Mi ò ní káwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ṣe àìdáa o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde àrùn yìí l'Amẹ́ríkà ní 1981, àti ní 1986 tí wọ́n kéde ti àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, kò gbóògùn. Oògùn ẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní 1987 pàápàá, ẹyọ kan ni, kì í pẹ́ tí agbára ẹ̀ fi ń pin. Ìgbà tó di bíi 1996 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn mẹ́ta pọ̀ ni nǹkan yí padà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń gbóògùn. Kì í lọ pátápátá, òótọ́ ni, àmọ́ “kì í lọ” yàtọ̀ sí “kò gbọ́”. Ìtọ̀ ṣúgà náà kì í lọ, ta ló ń pè é ní kògbóògùn? Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé títí tí wọn ò fi lè rí fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó ń fa éèdì, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, wọ́n ti wádìí ẹ̀ lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọkọtaya. Ní 2024 ni èsì ti abẹ́rẹ́ lenacapavir wá jáde, èyí tí ẹni tí kò ní in máa ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kó má baà kó o: nínú obìnrin 2,134 tí wọ́n gún un fún ní South Africa àti Uganda, kò sẹ́yọ ẹnì kan tó kó o. Kò sẹ́yọ kan o! Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lóṣù kẹfà 2025. Kí wá ni rédíò ṣì ń pariwo kògbóògùn sí?

Níbí n'Ílọrin pàápàá, ẹnu ẹni tó gbọ́ wáàsí ò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ yẹn. Hàdíìsì tí gbogbo wa mọ̀ ni, pé Ọlọ́run ò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn ẹ̀ kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ààfáà láìmọye ìgbà, àwọn kan náà á tún padà wá sórí “kògbóògùn” nínú wáàsí kan náà.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n ò rò. Fáírọ́ọ̀sì éèdì fúnra ẹ̀, tí ẹni tó ní in bá ń lo oògùn lónìí tó ń fò ó lọ́la, ó lè yí padà débi tí oògùn tó ń lò ò ní ràn án mọ́, wọ́n á ní láti pààrọ̀ ẹ̀ fún un. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Kògbóògùn tí kò gbóògùn mọ́? Èdè ti há síbẹ̀ nìyẹn. Tèmi ni pé “éèdì” ti tó, ó ti di Yorùbá, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ká máa pe fáírọ́ọ̀sì ní kòkòrò éèdì, ká fi éèdì fúnra ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tó bá ti sọ ara di ahẹrẹpẹ. Ká wá jẹ́ kí kògbóògùn sinmi.

Ó wá ku orúkọ tí àbúrò wa ń wá. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ fúnra wọn. Ohun tí mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ ni “oògùn yẹn ti mọ́ mi lára, ẹ fún mi lómíì.” Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Kì í ṣe ara ẹ ni oògùn mọ́, kòkòrò ni nǹkan ọ̀hún ń ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àìmọye kòkòrò tó wà nínú ẹni, àwọn díẹ̀ á wà tí orí wọn le, tó o bá lo oògùn àwọn tó rọ̀ á kú, àwọn tó le á kù, wọ́n á máa bí ọmọ tó le bíi tiwọn, wọ́n tiẹ̀ lè fún kòkòrò míì ní ohun tó mú kí wọ́n le. Ìyẹn ni pé kòkòrò tí oògùn ò ràn lára tèmi lè bọ́ sára ẹni tí kò lo áńtíbáyọ́tíìkì rí láyé ẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ara òun ni kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan aládùúgbò òun. Ní 2019 nìkan, àwọn oníwádìí ṣírò pé irú àwọn bàkítéríà yìí ló pa èèyàn tó 1,270,000 káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Torí náà ni mi ò ṣe fẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tàbí aláìgbọràn, wọ́n dùn létí, àmọ́ wọn ò sọ ẹni tí kòkòrò yẹn ń bá jà. Ohun tí mo fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ilé wa máa ń sọ sí ọmọ tó lágídí: “apá mi ò ká a mọ́.” Kòkòrò apá-ò-ká. Ìwọ tó o bá gbọ́ ọ, o gbọ́dọ̀ béèrè pé apá ta ni. Apá áńtíbáyọ́tíìkì ampisílíìnì ni, apá òmíì lè ká a. Kògbóògùn ti ilẹ̀kùn pa, èyí ṣí i sílẹ̀.

Mo ti dán an wò. Bàbá awakọ̀ ọjọ́ yẹn padà wá níjẹta, inú ṣì ń run ún, ó tún na ìka méjì. Mo ní “Bàbá, ó jọ pé apá kápúsù yìí ò ká ohun tó wà níkùn yín.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní “Èwo wá lapá ẹ̀ máa ká a?” Mo ní èmi ò lè fojú mọ̀ ọ́n, tẹ́ẹ̀sì ló máa sọ ọ́. Ó ní kí n kọ ibi tóun máa lọ sórí bébà fóun.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, nítorí ẹni tó mú “ìràníyè” wá fún àrùn tó ń mú káwọn àgbà gbàgbé ilé ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbé e síta. Ìràníyè, ẹnì kan ló ń ṣe é síni, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi pe àrùn mọ̀lẹ́bí kan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyàwó ilé. “Ṣíṣarán” náà, èébú ti pọ̀ nínú ẹ̀. Nígbà táwọn oníwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Indiana ń tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn, Yorùbá ni wọ́n fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ní 2001 ni wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde pé, nínú 100, ẹni tí Alzheimer, ọ̀kan lára àrùn ìgbàgbé yìí, ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀ lọ́dún kan jẹ́ 1.15 n'Ìbàdàn, ó jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Indiana. Èdè wa ṣe iṣẹ́ yẹn, kò ní kí ẹnikẹ́ni rani níyè. Tèmi ì bá jẹ́ “iyè ṣíṣá”, bí aṣọ ṣe ń ṣá, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ oòrùn tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Oògùn lecanemab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, kì í dá iyè padà, ó kàn ń mú kó rọra ṣá fáwọn tí tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gba ìyẹn dáadáa.

Ibi tí mo ti há báyìí, kí àbúrò wa tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ẹ̀: kí la ó máa pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra ẹ̀? “Kápá” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, “àìkápá” sì ń bọ̀ lẹ́nu ní kíá, àmọ́ oògùn ni kò kápá, kì í ṣe kòkòrò, ẹni tó bá sọ pé “kòkòrò aláìkápá” ti yí i pa dà sẹ́yìn. Mo ti ń gbìyànjú “àìkápá oògùn sí kòkòrò”, ó gùn, ó sì ń kọ́ mi lẹ́nu. Ta ló rí èyí tó kúrú?