Ta ló lè bá mi ka bébà ECG mẹ́ta tí wọ́n ya fún bàbá mi lẹ́yìn heart attack?

Aduke_Leeds

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ dákun, ẹni tó mọ ECG (bébà tí ẹ̀rọ ń kọ ìlù ọkàn sí) gidi ni mò ń wá, torí èmi náà ti wò ó lórí Google títí, ẹ̀rù ló kàn ń dà sí mi lára. Bàbá mi, ẹni ọdún 64, wá kí wa ní Leeds níbí lóṣù kẹta. Àárọ̀ Sátidé ni, wọ́n ń bẹ iṣu ní kíṣìnì, wọ́n kàn ṣàdédé jókòó sílẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ọlọ lé àwọn láyà, òógùn bo gbogbo ara wọn, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ambulance dé, wọ́n lẹ àwọn nǹkan mọ́ wọn láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, bébà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn, ni wọ́n bá gbé bàbá lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń ṣí iṣan ọkàn. Stent kan, páìpù kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan wà ní ṣíṣí, ni wọ́n fi sí iṣan tó ń lọ síwájú ọkàn. A dúpẹ́, wọ́n jáde, wọ́n sì ti padà sí Abẹ́òkúta.

Bébà ECG mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: ti inú ambulance, èyí tí wọ́n ya ní wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn stent, àti ti ọjọ́ tí wọ́n jáde. Lẹ́tà dókítà wá sọ pé "incomplete ST resolution" (ìlà ST ò tíì padà sípò tán), Q wave wà ní V1 dé V4, ẹ̀kọ̀ (àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ìró yà) sì ní ejection fraction, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn tó ń tú jáde nígbà tó bá lù, jẹ́ 38%. Nínú bébà kẹta, T ti dojú dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní stent ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí, kí n yéé da ara mi láàmú. Ṣé lóòótọ́ ló ti parí? Ṣé bébà yìí lè sọ bóyá ewu ṣì wà níwájú?

IyaIbeji_CCU

Ẹ kú ìdààmú o Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fi àlàáfíà fún wọn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn ń dà láàmú, ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀, bébà yìí ni mò ń fọwọ́ mú lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ECG kì í ṣe fọ́tò ọkàn o, iná tó ń rìn nínú ẹran ọkàn ló ń kọ sílẹ̀. Nǹkan mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ bàbá lára, ojú méjìlá ni ẹ̀rọ fi ń wo ọkàn kan ṣoṣo yẹn, V1 dé V4 ló ń wo iwájú rẹ̀. Ẹ gbé bébà àkọ́kọ́, ẹ wo V3. Lẹ́yìn ṣóńṣó tó ga fíofío yẹn, ó yẹ kí ìlà padà wálẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ kí òkè kékeré tó tẹ̀lé e, tí à ń pè ní T, tó yọ. Ibi tó yẹ kó tẹ́ yẹn là ń pè ní ST. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹran ọkàn, kò ní tẹ́, á wú sókè bí ẹ̀yìn ahun. Ó dá mi lójú pé ohun tí àwọn ará ambulance rí nìyẹn.

Ẹ wá gbé bébà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí bébà kan ṣoṣo ò lè sọ púpọ̀, fífi wéra ló ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ̀yìn ahun yẹn bá ti lọ sílẹ̀ tó 70% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wa máa ń dùn ní wọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ láàárín 30 sí 70, ó ti ń bọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì tó. Tí kò bá tó 30, a máa ń tẹjú mọ́ ẹni náà gan-an, torí àwọn bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn sábà máa ń rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ lè ní ṣebí stent ti ṣí iṣan, kí ló tún kù? Ẹ ronú ilé tó ní tánkì lókè, páìpù ńlá dí, plumber wá ṣí i, omi ń hó nínú páìpù ńlá, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ ìdáná ò yọ omi, àṣé ìdọ̀tí ti wọ àwọn páìpù wẹ́wẹ́ tó wà nínú ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà lọkàn rí. Fọ́tò tí wọ́n ya nígbà stent á fi iṣan ńlá hàn pé ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí fọ́tò ò rí, ST ló ń sọ tiwọn. Torí ẹ̀ ni mi ò fi lè bá ẹ̀gbọ́n yín sọ pé ó ti parí.

Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ stent nítòsí, tó jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n gún, ìlà yìí gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú ó yẹ kó ti wálẹ̀ tó ìdajì ó kéré tán. Tí kò bá wálẹ̀, kí wọ́n máa gbé ẹni náà sáré lọ síbi tí stent wà ni, wọn ò gbọdọ̀ jókòó máa wò ó.

T tó dojú dé yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí iṣan bá ti ṣí tí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́.

Olumo_77

Àdùkẹ́, èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú àwọn bébà yẹn bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Màmá mi ní irú èyí, iwájú ọkàn náà ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn inú kàn ń run wọ́n lóru, a gbé wọn lọ sí hòsípítù kan tó sún mọ́ wa, wọ́n ya ECG, dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ ké pé heart attack tuntun ni, ST ṣì wú, ó ti ń pèsè abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo ní ṣé a ò lè fi wé ti tẹ́lẹ̀, kò dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ arúgbó. Mo bá fà á yọ nínú Bíbélì Màmá níbi tí mo tọ́jú ẹ̀ sí, bébà ti funfun láú bí rìsíìtì ATM! Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi obìnrin tó ti fi fóònù yà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń jáde. Dókítà àgbà dé, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tuntun, ó ní ìlà kan náà ni, kò yí padà, ògiri ọkàn níbi àpá yẹn ló ti fẹ̀ bí bàlúù, ìyẹn ni ST ò ṣe wálẹ̀ mọ́ láéláé. Ulcer ló ń da Màmá láàmú lóru ọjọ́ yẹn. Ara mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

DokitaOkan_Ib

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ìtàn Olúmọ sì yẹ kí gbogbo èèyàn kà á. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Q wave ni àmì àpá, ibi tí ẹran ọkàn ti kú tí iná ò gbabẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ti kú, òmíràn kàn dákú ni, ó lè jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ti rí Q tó kéré sí i lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí 38% bàbá kì í fi í ṣe ìdájọ́. Kí wọ́n tún ẹ̀kọ̀ yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá ti ń lo oògùn déédéé. Tó bá ṣì jẹ́ 35% tàbí kó dín, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tó máa ń fi iná ta ọkàn jí tí ìlù ẹ̀ bá ṣìwà hù. A kì í kánjú fi í sí i kí ọjọ́ 40 tó pé, wọ́n ti dán an wò, kíkánjú ò dín ikú kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ECG nìkan dájọ́. Nínú GRACE tí a fi ń díwọ̀n ewu, nǹkan mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ orí, bí ọkàn ṣe ń sáré sí, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín, bóyá omi wọ ẹ̀dọ̀fóró, bóyá ọkàn dúró nígbà tí wọ́n dé hòsípítù, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò bóyá ẹran ọkàn ti fara pa. ST ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ọ̀kan péré.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́: láyé ìgbà kan, wọ́n rí i pé àwọn tí ìlù ọkàn wọn ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn heart attack ń kú ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ní ó yá, ẹ jẹ́ ká fi oògùn pa ìfò yẹn rẹ́. Oògùn náà pa á rẹ́ lóòótọ́, ìlà ECG dán mọ́rán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wé àwọn tí kò lo oògùn gidi, àwọn tó lo encainide àti flecainide ló ń kú jù. Ní 1989 wọ́n dá apá ìwádìí yẹn dúró. CAST ni wọ́n ń pè é. Bébà dára, ẹni tó ni bébà ń kú. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé tí mo bá ń wo ECG ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́, ṣé àyà ń já bàbá, ṣé òòyì ń kọ́ wọn?

Aduke_Leeds

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ṣé, omi bọ́ lójú mi níbi ìtàn Màmá Olúmọ. Mo ti gbé rúlà ọmọ mi, mo ka àpótí kékèké yẹn ní V3: méje ni ti ambulance, mẹ́ta ni ti ẹ̀yìn stent. Ìyẹn ni pé ó ti wálẹ̀ tó bíi 57%. Kò burú jù, kò sì tíì tó, àbí?

Dókítà, mo pe bàbá nísìnyí, wọ́n ní òòyì kọ́ àwọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ti yọ oògùn kan kúrò, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ara àwọn rọ̀.

DokitaOkan_Ib

Ìṣirò yín péye, àárín ló bọ́ sí. Òòyì yẹn lè jẹ́ oògùn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù, ó sì lè jẹ́ ìlù ọkàn, n ò lè mọ̀ láti ibí. Kí wọ́n lọ rí dókítà wọn lọ́la, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ìjókòó àti ní ìdúró, kí wọ́n sì so Holter, ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìlù ọkàn sílẹ̀, mọ́ wọn fún wákàtí 24. Tí wọ́n bá dákú tàbí tí àyà dùn wọ́n kó tó dọ̀la, kí wọ́n gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn wo ni wọ́n yọ? Tó bá jẹ́ aspirin tàbí clopidogrel, àwọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n dá a padà lónìí, stent tuntun ò gbọdọ̀ wà láìsí wọn.

Aduke_Leeds

Bisoprolol ni, èyí tó ń dín ìsáré ọkàn kù. Ẹ̀gbọ́n mi máa gbé wọn lọ láàárọ̀, ó ti ń wá mọ́tò. Àwọn bébà yìí, mo ti yà wọ́n lórí fóònù, mo ti fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún fẹ́ gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe lamination.

IyaIbeji_CCU

Àdùkẹ́, ẹ má gbé e lọ o! Bébà tí ooru ń kọ ni, ooru ẹ̀rọ yẹn á sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú kirikiri. Ẹ ṣe fọ́tókópì ẹ̀, kí fọ́tókópì yẹn tẹ̀lé bàbá lọ síbikíbi tí wọ́n bá ń lọ, kí ẹ sì fi ti gidi sínú àpò ìwé lásán níbi tí oòrùn ò dé.